OJÚ AAGO ÀTIJỌ́: BÍ A TI Ń MỌ OJÚLÓWÓ YÀTỌ̀ SÍ ATÚNKÙN

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ aago ọwọ́ ni, pàápàá ọ̀rọ̀ ojú aago. Ẹnì kan lè wí pé: "Kí ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ́ fi ojú aago ṣe?" Ó kàn wá gan-an ni. Nínú wa, a rí ẹni tí bàbá rẹ̀ fi aago àtijọ́ sílẹ̀ fún. A rí ẹni tí wọ́n fún ní aago nítorí pé ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. A sì rí ẹni tí ó fẹ́ fi owó àjẹmọ́nú rẹ̀ ra ọ̀kan. Nínú irú aago bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí owó wọn lè kọ́ ilé. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọra bí ìbejì. Ojú aago ni ìyàtọ̀ wà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò ra èké ní owó ojúlówó, tàbí kí ó ta ojúlówó ní owó èké. Méjèèjì ni òógùn òṣìṣẹ́ tó ṣòfò.

Irú aago tí à ń sọ

Aago tí à ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní chronograph. Ẹ óò mọ̀ ọ́n: bọ́tìnnì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ orí tí a fi ń yí i. Bí a bá tẹ ti òkè, ọ̀pá gígùn àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí a bá tún tẹ̀ ẹ́, á dúró. Bí a bá tẹ ti ìsàlẹ̀, á padà sí ibi tí ó ti gbéra. Nínú ojú ńlá ni ojú kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta wà. Ọ̀kan ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀kan ń ka ìṣẹ́jú, òmíràn ń ka wákàtí.

Ní 1821, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Nicolas Rieussec fi ẹ̀rọ kan ka àkókò ìje ẹṣin ní Paris. Yíǹkì ni ẹ̀rọ náà ń kán sójú aago láti fi sàmì sí ibi tí àkókò dé. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ohun tí ń kọ àkókò sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: ìwé àkọsílẹ̀ ni ojú aago jẹ́.

Àwa òṣìṣẹ́ mọ ẹ̀gbọ́n aago yìí dáadáa, èyí tí à ń pè ní stop-watch. Òun ni àwọn ọ̀gá fi ń dúró ti òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, tí wọ́n ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi gbé irin, tí ó fi sọ irin kalẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1911, àwọn tí ń da irin ní ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Watertown, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní 1915, àwọn aṣòfin ibẹ̀ fi òfin dè é nígbà náà pé a kò gbọdọ̀ fi owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sanwó fún ẹni tí ń fi stop-watch ka iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ olówó nìkan ni aago.

Ìlànà kan ṣoṣo tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ

Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é bí ẹjọ́ owó iṣẹ́ àṣekún bá délẹ̀. Akọ̀wé á ní ọmọ ẹgbẹ́ wa ti lọ sílé láti aago mẹ́rin. A ó mú káàdì iṣẹ́ rẹ̀ jáde, a ó mú ìwé ẹnu géètì, a ó sì mú ìwé tí ó fi gba epo sínú mọ́tò. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ohun kan náà, a ti jàre. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti pa ọ̀rọ̀ inú ọ̀kan rẹ́, tí ó tún un kọ, bí ó ti wù kí ìwé náà mọ́ tó, kò lè jẹ́rìí mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ojú aago. A kì í fi mímọ́ dá a lẹ́jọ́. Ohun tí à ń wò ni bóyá ojú, ọ̀pá, ọ̀dà, ẹ̀rọ inú àti ara aago ń sọ ohun kan náà nípa ọdún kan náà. Ojú tí ó ti ṣá, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bá ara mu, sàn ju ojú tí ń dán tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tako ara wọn.

Oríṣi mẹ́rin ni ojú aago tí a lè bá pàdé. Ojúlówó ni èyí tí aago bá jáde láti ilé-iṣẹ́. Èkejì ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe aago náà fi pààrọ̀ rẹ̀ nígbà àtúnṣe: kì í ṣe èké, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àkọ́kọ́, owó rẹ̀ sì máa ń dínkù. Ẹ̀kẹta ni atúnkùn: wọ́n ti ha ojú àtijọ́, wọ́n sì fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Ẹ̀kẹrin ni ayédèrú pátápátá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn wọ atúnkùn. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí a tà á ní orúkọ ojúlówó.

Bí wọ́n ti ń ṣe ojú aago

Ẹ̀yin ará fáktírì, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí yé jù, nítorí pé ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣe nǹkan ni í mọ ibi tí àtúnṣe ti máa ń hàn. Ní La Chaux-de-Fonds ní Switzerland, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Singer, tí ó ṣe ojú aago fún Rolex, fún Omega àti fún Heuer. Idẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jó ẹsẹ̀ kéékèèké méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè jókòó sórí ẹ̀rọ. Wọ́n á tẹ àwọn ojú kéékèèké wọlé díẹ̀, wọ́n á sì fa ìlà róbótó róbótó tín-ín-rín sínú wọn, bí ìlà ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àwọ̀ sí i.

Ìkọ̀wé ńkọ́? Wọ́n á gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára irin, wọ́n á fi yíǹkì kùn ún, wọ́n á nu ojú irin náà kí yíǹkì lè ṣẹ́kù sínú ibi gbígbẹ́ nìkan. Ohun rírọ̀ kan bíi rọ́bà á wá gbé yíǹkì náà, á sì tẹ̀ ẹ́ sójú aago. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtẹ̀ tirẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni ọ̀dà tí ń tàn lókùnkùn, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n sì fi ń tò ó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ń tún ojú kùn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kò ní irin gbígbẹ́ àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́. Ó ti fi sáńpépà ha ojú náà kí ó tó kùn ún. Nítorí náà àmì á wà. Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n.

Àyẹ̀wò mẹ́fà

Èkíní, lẹ́tà. Ẹ fi awò tí àwọn aláago ń fi sójú wò ó. Lẹ́tà ojúlówó mú, etí rẹ̀ gún, àyè tí ó wà láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà dọ́gba. Lẹ́tà atúnkùn máa ń nípọn, á tàn kálẹ̀ bí yíǹkì lórí pépà tó rin, ìlà rẹ̀ á wọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ SWISS tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ó bá wọ́, bí ó bá gun ìlà ìṣẹ́jú, tàbí bí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní in, ẹ fura. Ẹ tún wo ibi tí ìkọ̀wé ti pàdé etí ojú kékeré. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ dúró létí gan-an, atúnkùn máa ń ṣubú sínú kòtò.

Èkejì, ìlà inú ojú kéékèèké. A ti sọ pé wọ́n dà bí ìlà àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ gbé aago náà sínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Lórí ojúlówó, ìmọ́lẹ̀ á máa sáré yí ìlà náà ká. Bí ọ̀dà bá ti dí wọn, tí etí kòtò sì ti di rọ̀bọ̀tọ̀ dípò kí ó mú, a ti fi sáńpépà kan ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìṣirò. Èyí jẹ́ ti ẹ̀yin awakọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ aago yìí, nọ́ńbà kan yí etí ojú ká tí a fi ń mọ eré mọ́tò. Tachymeter ni wọ́n ń pè é. Ẹ tẹ bọ́tìnnì níbi òpó kìlómítà kan, kí ẹ tún un tẹ̀ níbi èyí tí ó tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà tí ọ̀pá bá dúró sí ni iye kìlómítà tí ẹ ń sá ní wákàtí kan. Ìṣirò rẹ̀ kò le: wákàtí kan jẹ́ 3,600 ìṣẹ́jú àáyá, a ó fi iye ìṣẹ́jú àáyá pín in. Nítorí náà, 120 gbọ́dọ̀ kọjú sí ìṣẹ́jú àáyá 30. 100 gbọ́dọ̀ kọjú sí 36, 90 sí 40, 80 sí 45, 60 sì gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá. Bí 80 bá ti yẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ 45, ẹni tí ó kọ ọ́ ń ya àwòrán ni, kò mọ ohun tí nọ́ńbà náà wà fún. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe aago fún eré ìje mọ́tò kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé mẹ́fà tí a kà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó fún àyẹ̀wò yìí.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ̀rọ ti ń kà. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ojú kékeré tí ń ka ìṣẹ́jú ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 30. Àwọn mìíràn ń yípo ní ìṣẹ́jú 45. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ gbé aago míì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ní sùúrù. Bí ojú bá kọ 30, tí ọ̀pá kékeré sì yípo tán ní ìṣẹ́jú 45, ojú yẹn kò bá ẹ̀rọ yẹn wáyé. Ẹnì kan ló so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀dà tí ń tàn. Títí di nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, radium ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tritium rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń kọ T sí ẹ̀gbẹ́ SWISS nísàlẹ̀ ojú láti fi hàn. Ní àwọn ọdún 1990 ni ọ̀dà mìíràn tí kò ní ìtànṣán nínú bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò tritium. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní 1955 ni wọ́n ṣe aago, tí T sì wà lójú rẹ̀, ojú àti ọdún kò bá ara mu. Agbára tritium ń dínkù sí ìdajì ní ọdún 12 àti díẹ̀. Aago 1965 ti lo ọgọ́ta ọdún, ohun tí ó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ fi iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní báńkì tàn án. Bí ó bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, tí ó sì ń tàn lọ fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa iná, ọ̀dà tuntun ni. Ẹ wo ọ̀dà ara ọ̀pá pẹ̀lú: àwọ̀ rẹ̀ àti ti ojú yẹ kí ó jọra, nítorí pé wọ́n jọ dàgbà ni.

Ẹ̀kẹfà, ọjọ́ orí. Ojú dúdú lè di àwọ̀ kòkó bí ọdún ti ń lọ, nítorí oòrùn àti nítorí àléébù inú àwọ̀ náà. Àwọn olówó fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà àwọn oníjìbìtì ti mọ bí a ti ń fi ooru mú un jáde. Kí ni a ó wá wò? A ó wò bóyá gbogbo ara ló gbó pọ̀. Aago tí radium wà lára ọ̀pá rẹ̀, tí ó sì dúró síbì kan fún ọdún púpọ̀, máa ń jó òjìji ọ̀pá náà sójú rẹ̀. Irú òjìji bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí rere. Ẹ wo àmì orúkọ pẹ̀lú. Lórí Omega Speedmaster, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1957, àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ̀rọ 321 wà nínú wọn ní àmì irin tí a lẹ̀ mọ́ ojú. Ní òpin àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà tẹ àmì náà dípò irin. Bí ẹ bá rí àmì ọ̀dà lórí aago tí wọ́n pè ní 1960, ẹ béèrè ìdí.

Ohun tí ojú aago gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó kùn ún

A kò lè mẹ́nu kan radium kí a má ranti àwọn obìnrin kan. Láti 1917 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Orange, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, ti ń gba àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin láti fi radium kun ojú aago. Kí búrọ́ọ̀ṣì lè mú ṣóńṣó, wọ́n kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fi ètè pọ́n ọn. Wọ́n ní kò léwu. Radium wọ inú egungun wọn, nítorí pé ara ń gbà á bí ẹni pé ohun tí egungun ń jẹ ni. Eyín wọn ń bọ́, egungun àgbọ̀n wọn ń jẹrà, ọ̀pọ̀ sì kú. Ní 1927, Grace Fryer àti àwọn mẹ́rin mìíràn gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní 1928 wọ́n gba 10,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, 600 dọ́là lọ́dọọdún, àti owó ìtọ́jú. Ní Ottawa, ìpínlẹ̀ Illinois, Catherine Donohue jàre ní 1938 nígbà tí kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Ó kú lọ́dún náà. Ilé-iṣẹ́ ṣì ń pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, títí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Amẹ́ríkà fi kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 1939.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, radium máa ń lo 1,600 ọdún kí ó tó dín sí ìdajì. Iná ojú aago lè ti kú, ìtànṣán rẹ̀ kò tíì kú. Aago tí gíláàsì rẹ̀ pé lórí rẹ̀ kò jẹ́ bá ènìyàn bí eruku rẹ̀. Eruku yẹn ni ọ̀tá: èyí tí ń jáde nígbà tí wọ́n bá ṣí aago, tí wọ́n sì ń ha ojú rẹ̀ kí wọ́n lè tún un kùn. Àwọn aláago tí ń ṣe iṣẹ́ yìí létí títì, tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ eruku kúrò, tí wọ́n sì ń jẹun lórí tábìlì kan náà, òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ha ojú radium, ewu lẹ gbé lé wọn lọ́wọ́. Ìdí kejì nìyí tí a fi ní kí ẹ fi ojú àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà.

Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n má baà gbéra ga

Ojú ni owó wà. Ní oṣù kẹwàá 2017, aago Rolex Daytona tí Paul Newman, òṣèré sinimá, wọ̀ ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní New York ní iye tó ju 17 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Oríṣi ojú tí ó wà lára rẹ̀ kò yá lọ́jà nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Níbi tí owó bá tó bẹ́ẹ̀, jìbìtì á débẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2021, ní gbàǹjo Phillips ní Geneva, Omega Speedmaster kan tí ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ kòkó ni wọ́n tà ní iye tó ju 3 mílíọ̀nù fráǹkì Switzerland lọ. Ilé ìpamọ́ ohun àtijọ́ Omega fúnra rẹ̀ ni ó rà á. Ní 2023, Omega kéde pé ara aago oríṣiríṣi ni wọ́n kó jọ láti fi ṣe é, wọ́n sì ní àwọn mẹ́ta tí ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn rí lọ́wọ́ sí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ojúlówó, kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ irọ́, bí wọn kò bá jọ wáyé. Àmì kan ṣoṣo kò tó. Ẹ pe gbogbo ẹlẹ́rìí.

Ìmọ̀ràn wa

Bí aago bàbá yín bá wà nílé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fọ ojú rẹ̀ tàbí kí ó tún un kùn, ìbáà ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ má ṣe ṣí i fúnra yín. Bí aláago bá ní láti pààrọ̀ nǹkan kan lára rẹ̀, ẹ gba èyí tí ó yọ padà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpò kan pẹ̀lú aago náà.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lójijì, tí ó ní ọjà kò sí, ẹ sọ fún un pé kí ó padà wá. Ẹ fi han ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò mọ ara wọn. Ẹni tí ń kánjú gba ohun ìní òṣìṣẹ́ mọ ohun tí òṣìṣẹ́ kò tíì mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí owó tó kúrò lápò. Kí aláago ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níṣojú yín àti níṣojú ẹni tí ń tà á. Ẹ gba ìwé tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ojúlówó ni tàbí atúnkùn. Bí ẹlẹ́jà bá kọ̀ láti kọ ọ́, ó ti dá yín lóhùn. A sì rọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa pé kí wọ́n má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó lórí aago tí a kò tíì yẹ̀ wò báyìí.

Ẹni tí ó kun ojú aago náà ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ ni, kò sì kọ orúkọ tirẹ̀ sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n nígbà tí a bá rí i, kí a má sì jẹ́ kí wọ́n fi sáńpépà pa á rẹ́. Ẹni tí ó bá ní irú aago bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. A ó jọ wò ó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.